Omi tí Àáfà Rájí fi ń fọ wàláà

Àwọn kan ní Ìwó ti ń sọ ọ́ káàkiri pé wolé-wolé ló yí Àáfà Rájí lọ́kàn padà, pé láti ìgbà tí ó ti bá onígbàgbọ́ yẹn jókòó ni ẹ̀sìn rẹ̀ kò ti gún mọ́. N kò bá wọn jà. Ojú mi ló ṣe, mo sì fẹ́ kọ ohun tí mo rí sílẹ̀, kí ẹni tó bá fẹ́ dá a lẹ́jọ́ lè mọ ohun tí ó ń dá lẹ́jọ́.

Ọmọ agbolé àwọn àáfà ni, lẹ́yìn mọ́ṣáláṣí àtijọ́ ní Ìwó, ṣùgbọ́n abúlé tí baba rẹ̀ tẹ̀ dó lójú ọ̀nà Kuta ni ó ti lo èyí tó pọ̀ jù nínú ayé rẹ̀. Ó ń gbin kòkó àti iṣu bíi gbogbo wa. Ó ń kọ́ àwọn ọmọ ní kéwú láàárọ̀, ó ń túmọ̀ Kùránì fún àwa àgbà lẹ́yìn ìrun ìrọ̀lẹ́. Ó ga, ó gbẹ, kò lẹ́nu púpọ̀. Aránṣọ ni èmi. Mo ti níyàwó, mo ti bímọ, kí n tó lọ jókòó síwájú rẹ̀, nítorí náà kì í ṣe ojú ọmọdé ni mo fi wò ó.

Hàntú ni gbogbo agbègbè mọ̀ ọ́n mọ́. Bí ara ẹnìkan kò bá yá, tàbí tí oyún kò dúró lára obìnrin, yóò wá lọ́jọ́bọ̀. Àáfà yóò fi tàdáwà kọ ẹsẹ Kùránì sára pátákó wàláà, yóò da omi sí i, yóò fọ ohun tó kọ náà sínú igbá, olúwarẹ̀ yóò sì mu ọ̀rọ̀ Ọlọ́run wọnú ara rẹ̀. Wọ́n ń ti Ilé-Ogbó wá, wọ́n ń ti Olúpọ̀nnà wá.

Omi tí ó ń lò kì í ṣe omi lásán. Adágún kan wà nísàlẹ̀ abúlé, níbi tí baba rẹ̀ ti ṣe àlùwàlá nígbà tí ó kọ́kọ́ dé ibẹ̀. Baba náà fi àṣẹ kan sílẹ̀: ẹni tó bá fẹ́ bu omi hàntú kò gbọdọ̀ dúró sí bèbè kí ó na igbá bí ẹni tó ń bu omi ìfọṣọ. Yóò bọ́ bàtà, bí ìgbà tí èèyàn ń wọ mọ́ṣáláṣí, yóò dárúkọ Ọlọ́run, yóò rìn wọ inú omi títí yóò fi kàn án lórúnkún, ibẹ̀ ni yóò ti bù ú. Aláìsàn tó bá lè rìn ni í bu tirẹ̀ fúnra rẹ̀. Ọ̀wọ̀ ni. Kò sí ẹ̀gbin kankan nínú rẹ̀ lójú wa.

Abúlé wa sì ní sòbìà. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti ń parí lọ, tí ilẹ̀ ń retí òjò, nígbà tí ó yẹ kí èèyàn gbé ọkọ́, ni ẹsẹ̀ yóò wú, tí yóò máa ta bí iná, tí kòkòrò funfun tó gùn bí òwú yóò yọrí lọ́rùn ẹsẹ̀. Ẹni tó bá ní in a jókòó sẹ́nu ọ̀nà, a máa fi igi tín-ín-rín ká a díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́, nítorí bó bá já sínú, ọ̀ràn dé. Àwọn aláwàdà a máa kí wọn pé, "Ẹ kú òwú kíká." Oko a di igbó. Wọn a wá sọ́dọ̀ Àáfà, Àáfà a ní kí wọ́n lọ ki ẹsẹ̀ bọ adágún, nítorí omi tútù a máa pẹ̀tù sí ìrora náà, lẹ́yìn náà a fún wọn ní hàntú mu. Ẹnikẹ́ni kì í béèrè ìdí tí sòbìà fi ń padà wá lọ́dọọdún. Bí àwọn baba wa ṣe bá a nìyẹn.

Ní ọdún tí wọ́n dé ọbabìnrin ládé nílùú òyìnbó ni sòbìà mú Ràhámọ̀tù, àbíkẹ́yìn Àáfà. Orúnkún ni ó gbà yọ, ó sì já sínú. Orúnkún náà wú, ó kẹ̀, nígbà tó sì jinná, kò ṣeé nà mọ́. Igi ni ó fi ń rìn. Àwọn ará ilé àfẹ́sọ́nà rẹ̀ ní Kuta ránṣẹ́ wá, wọ́n ní kí ara ọmọ balẹ̀ dáadáa ná. Gbogbo wa mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Láti kékeré ni Ràhámọ̀tù ti ń mu hàntú baba rẹ̀ bí ọmọ ẹlòmíràn ṣe ń mu omi.

Àáfà kò sunkún. Ohun tí ó ti máa ń kọ́ wa ni ó fi tu ara rẹ̀ nínú. Nígbà èwe rẹ̀, ó lọ kọ́ mántíkì ní Ìlọrin, ìyẹn ìmọ̀ bí a ti ń to èrò lé èrò tí kò fi ní wó. Ó máa ń sọ fún wa pé láyé àtijọ́, ní Bàgídádì, àwọn mùsùlùmí kó ìwé àwọn ọlọ́gbọ́n ilẹ̀ Gíríìkì jọ, wọ́n tú wọn sí èdè Lárúbáwá, wọ́n sì jókòó tì wọ́n. Wọ́n rí ìṣirò níbẹ̀, wọ́n rí ìṣègùn, wọ́n rí ìrìn ìràwọ̀, àwọn fúnra wọn sì fi kún un, títí tí àwọn òyìnbó fi wá kọ́ ọ lọ́wọ́ wọn. Ìjà kan tibẹ̀ bẹ́ sílẹ̀ láàárín wọn. Wọ́n ní bí òwú bá kan iná tí ó sì jó, ta ló jó o? Àwọn kan ní iná ni, nítorí ìwà iná nìyẹn. Àwọn kejì ní iná kò ní agbára kankan lọ́wọ́ ara rẹ̀. Ọlọ́run ló ń jó òwú náà nígbà tí iná bá kàn án, bí Ó bá sì fẹ́, Ó lè máà jó o. Ẹ̀yìn àwọn kejì yìí ni Àáfà wà.

"Sàbàbí lásán ni iná, ohun tí nǹkan kàn gbà ṣẹlẹ̀," ni ó máa ń wí. "Ẹni tó ni sàbàbí ni kí ẹ máa wò."

Mo fẹ́ràn ọ̀rọ̀ yẹn púpọ̀. Ó máa ń jẹ́ kí n rí oorun sùn.

Ọdún tó tẹ̀lé e ni wolé-wolé dé. Matthew ni orúkọ rẹ̀, ọmọ Ìwó ni, ìyá rẹ̀ ń ta aṣọ lọ́jà. Àwọn wolé-wolé tí a ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ a máa yọjú wo inú àmù, wọn a sì máa fi kóòtù halẹ̀ mọ́ àwọn obìnrin. Èyí kò halẹ̀. Ó fi kẹ̀kẹ́ rẹ̀ ti ara igi, ó dọ̀bálẹ̀ fún Àáfà nínú kakí rẹ̀, ó ní òun fẹ́ tọrọ omi díẹ̀ nínú adágún. Fàtáì, àgbẹ̀ kan tó jẹ́ ọ̀rẹ́ Àáfà láti kékeré tí kì í sì í jẹ́ kí ọ̀rọ̀ kú sí i lẹ́nu, pariwo láti ẹ̀yìn pé kí ó bọ́ bàtà o, kì í ṣe ilẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì ni ó wà. Matthew bọ́ bàtà. Ṣùgbọ́n kò wọ inú omi. Ó bẹ̀rẹ̀ létí bèbè, ó sì bù ú.

Ó dà á sínú gíláàsì, ó gbé e sókè sí oòrùn, ó sì fún Àáfà ní dígí kan tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá. Àáfà wò ó pẹ́. Mo na ọrùn lẹ́yìn rẹ̀. Nǹkan funfun wẹ́wẹ́ ń ta kiri nínú omi tí mo ti fi gbogbo ayé mi pè ní mímọ́.

"Baba, bí ẹni tó ní sòbìà bá ki ẹsẹ̀ bọ omi, kòkòrò yẹn á tu ọmọ rẹ̀ síbẹ̀," ni Matthew wí. "Nǹkan wẹ́wẹ́ tí ẹ ń wò yìí á gbé wọn mì. Ẹni tó bá wá mu omi náà ti mu sòbìà ọdún tó ń bọ̀."

"Ọdún tó ń bọ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Baba. Á tó bí ọdún kan kó tó jáde. Ìyẹn ni kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fura sí omi."

Fàtáì ní, "Ọmọ yìí, bí mo bá jẹ iyán lónìí, ṣé ẹ̀ẹ̀mí-ìn ni n ó tó yó?"

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, Matthew náà rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni ó sọ ìtàn kan fún wa. Ó ní láyé àwọn baba ńlá wa, àrùn onígbáméjì wọ London, ó ń pa wọ́n lọ bẹẹrẹ. Àwọn ọ̀mọ̀wé wọn ní afẹ́fẹ́ burúkú ni. Àwọn àlùfáà wọn ní ìbínú Ọlọ́run ni. Dókítà kan wá ń ti ojúlé dé ojúlé, ó ń béèrè ibi tí olúkúlùkù ti ń pọn omi, títí tí ọ̀nà àwọn òkú náà fi já sí ẹ̀rọ omi kan ṣoṣo. Ó ní kí wọ́n yọ ọwọ́ ẹ̀rọ náà kúrò. Ó pẹ́ kí wọ́n tó gbà á gbọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n gbà á, gbogbo bí wọ́n ṣe ń gbé ìlú ni ó yí padà: wọ́n la ọ̀nà omi ẹ̀gbin gba abẹ́ ilẹ̀, wọ́n ya omi mímu sọ́tọ̀, wọ́n sì dá iṣẹ́ tí òun ń ṣe yìí sílẹ̀.

Àáfà béèrè ohun kan ṣoṣo. "Dókítà yẹn, ṣé ó ń kí ìrun tirẹ̀?"

"N kò mọ̀, Baba."

"Ìwọ ńkọ́?"

"Mo ń gbàdúrà, Baba. Mo sì ń sẹ́ omi mi."

Ó ní kí a máa se omi, tàbí kí a máa fi aṣọ tó ki sẹ́ ẹ, kí ẹlẹ́gbò má sì wọ adágún mọ́. Àwọn obìnrin ń kùn lábẹ́lẹ̀: ṣé a ó gbé ọ̀rọ̀ Ọlọ́run kaná ni? Matthew kí wa, ó gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó lọ.

Bí ọ̀rọ̀ náà bá jẹ́ irọ́, kò sí nǹkan tó bàjẹ́. Bí ó bá jẹ́ òótọ́, a jẹ́ pé Àáfà Rájí ló ti ń bu sòbìà fún àwọn tó wá tọrọ ìwòsàn lọ́wọ́ rẹ̀, lórúkọ Ọlọ́run, òun ló sì rọ ọmọ ara rẹ̀ lẹ́sẹ̀. Yóò sì ní láti jáde wá sọ ọ́. Oúnjẹ rẹ̀ wà nínú omi yẹn. Orúkọ baba rẹ̀ náà wà níbẹ̀.

Kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn tún ń lọ sópin, ó mú ọ̀pá rẹ̀, ó ní kí n sin òun dé Ilé-Ogbó àti Olúpọ̀nnà. Ilé àwọn tó wá gba hàntú lọ́dún tó kọjá ni a ń lọ, kì í ṣe àwọn tó wá nítorí sòbìà, bí kò ṣe àwọn tó wá nítorí ibà, nítorí ẹ̀fọ́rí, nítorí ọmọ. Kò dárúkọ omi fún ẹnikẹ́ni. Yóò kí wọn, yóò béèrè ara ilé, yóò sì wo ẹsẹ̀ wọn. Kò pẹ́ tí mo fi mọ ohun tí ó ń ṣe. Ohun tí dókítà London ṣe ni. Ní ilé kan, ẹsẹ̀ mọ́. Ní èkejì, a bá igi tín-ín-rín àti òwú funfun.

Ní Olúpọ̀nnà, a dé ọ̀dọ̀ Nàfísátù, ìyàwó ahunṣọ kan tó ti wá tọrọ ọmọ. Ó ti bímọ. Ọmọ náà wà lẹ́yìn rẹ̀, ó sanra, ó ń sùn. Ẹsẹ̀ ọ̀tún ìyá náà wú, wọ́n fi ewé dì í. Nínú gbogbo agbolé yẹn, òun nìkan ni sòbìà mú. Ó rọra kúnlẹ̀, ìrora hàn lójú rẹ̀, síbẹ̀ ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Àáfà, Ọlọ́run á dá yín sí fún wa. Ẹ wo ọmọ yín. Ẹ má wo ti ẹsẹ̀ yìí, ẹyọ kan péré ló jáde. Hàntú yín ni kò jẹ́ kó pọ̀."

Àáfà gbé ọwọ́ lé ọmọ náà lórí, ó bẹ̀rẹ̀ Fátíà. Láti ìgbà tó ti ń rá kòrò ni ó ti mọ̀ ọ́n kà. Ó ṣì í kà. Ó tún un bẹ̀rẹ̀.

Lójú ọ̀nà ilé, ó ní, "Inú igbá kan ni ó ti rí ọmọ àti sòbìà. Èwo ni kí n fi fún Ọlọ́run, èwo ni kí n fi fún adágún?"

Mo ti lọ sí Jímọ̀ púpọ̀ láti ìgbà náà, mo ti gbọ́ wàásù lẹ́nu àwọn tó mọ̀wé jù ú lọ, n kò sì tíì rí ìdáhùn rẹ̀.

Nígbà tí a délé, ó pe Ràhámọ̀tù, Hàbíbátù ìyá rẹ̀ jókòó tì í. Ó sọ gbogbo rẹ̀ fún ọmọ náà, kò fi ọ̀kankan pamọ́. Ó ṣí fìlà lórí, baba fún ọmọ, ó ní, "Foríjì mí." Ràhámọ̀tù wo orúnkún rẹ̀. Ó di igi rẹ̀ mú, ó dìde, ó lọ sídìí ààrò. Hàbíbátù ní kí á fi í sílẹ̀.

Lọ́jọ́bọ̀, èrò pé bí ìṣe wọn. Àáfà ti kọ wàláà sílẹ̀. Ó dìde, ó sì sọ ọ́ ní gbangba: pé sòbìà wà nínú adágún, pé àwọn ẹlẹ́sẹ̀ sòbìà tí òun ń rán wọ ibẹ̀ ni wọ́n ń gbé e síbẹ̀, pé òun ti fún wọn mu láìmọ̀. Ó tú láwàní kúrò lórí rẹ̀, ó ṣẹ́ ẹ po, ó dì í mọ́ ẹnu ìkòkò, ó ní kí n máa da omi lé e lórí díẹ̀díẹ̀. Omi tó ti sẹ́ náà ni ó wá fi fọ wàláà.

"Ẹ má sọ pé mo sẹ́ ọ̀rọ̀ Ọlọ́run," ni ó wí. "Omi ni mo sẹ́. Ọ̀rọ̀ náà wá bá omi tó mọ́. Láti òní lọ, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi ẹsẹ̀ kan adágún yẹn."

Fàtáì dìde. "Baba yín ló ní kí a máa wọ̀ ọ́."

"Baba mi ni."

"Ṣé ó ṣìnà ni?"

Àáfà ní, "Ó bọ̀wọ̀ fún Ọlọ́run. Kò mọ̀ nípa kòkòrò."

Àwọn kan mu hàntú ọjọ́ náà. Àwọn kan fi igbá sílẹ̀, wọ́n dìde, wọn kò padà wá mọ́. A gbọ́ pé wọ́n ti rí àáfà mìíràn tí kì í sẹ́ omi. A kan pákó sí etí adágún, kí a lè máa dúró lé e bu omi láìwọ̀ ọ́, a fi ẹ̀gún yí ìyókù ká. Ní ilé gbogbo, àwọn obìnrin ń fi aṣọ sẹ́ omi, àwọn kan tọkàntọkàn, àwọn kan nítorí ojú Àáfà. Ọjọ́bọ̀ tó ti máa ń kún wá dákẹ́. Oko kòkó ni ó kù tí ilé rẹ̀ fi ń jẹun.

Ẹ̀ẹ̀rùn tún parí, sòbìà sì dé bí ó ti ń dé. Matthew ti kìlọ̀, Àáfà náà ti sọ fún wa pé ohun tí a mu kí a tó bẹ̀rẹ̀ sí í sẹ́ omi ni yóò jáde lọ́dún yìí. Etí gbọ́ ọ, ọkàn kò gbà á. Wọ́n sọ ọ́ ní Àáfà Asẹ́. Fàtáì jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń ká tirẹ̀, bí ó bá sì ti rí Àáfà tó ń kọjá, yóò ní, "Àáfà, ó ku afẹ́fẹ́ tí ẹ kò tíì sẹ́ o."

Èmi náà ṣiyèméjì. Láàárọ̀, mo ń ṣiyèméjì nípa aṣọ tí a fi ń sẹ́ omi. Nírọ̀lẹ́, tí Kùránì bá wà níwájú mi, mo ń bi ara mi pé bí ọ̀rọ̀ yìí bá wọ inú omi tí kò lè pa kòkòrò tí ojú fẹ́rẹ̀ẹ́ má rí, kí ni mo ń gbé gbogbo ọkàn mi lé? N kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Mo rò pé Àáfà rí i lójú mi, nítorí ó sọ fún wa níbi ìtumọ̀ lọ́jọ́ kan pé, "Ẹ gba ọ̀run gbọ́ láìrí i. Ọdún kan péré ni mo ní kí ẹ gbà gbọ́."

Kò pẹ́ sí i, ẹsẹ̀ òun náà wú. Lọ́rùn ẹsẹ̀ òsì ni ó ti yọrí. Abúlé rẹ́rìn-ín, wọn kò tilẹ̀ fi pamọ́. Ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà bíi gbogbo wọn, kò sì ki ẹsẹ̀ bọ adágún bó ti wù kó ta á tó.

Mo wà níbẹ̀ nígbà tí Ràhámọ̀tù gbé omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ wá. Ó ti pẹ́ tí òun àti baba rẹ̀ kò ti sọ ju ẹ káàárọ̀ lọ. Ó fi igi rẹ̀ lélẹ̀, ó jókòó pẹ̀lú ẹsẹ̀ rẹ̀ tí kò ṣeé ká dáadáa tí kò ṣeé nà, ó gbé ẹsẹ̀ baba rẹ̀ lé itan, ó wẹ̀ ẹ́, ó sì ń ká kòkòrò náà pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

"Baba," ni ó wí, kò gbójú sókè. "Igbá kan náà la jọ mu."

Òjò rọ̀, a gbin nǹkan, a kórè, ọyẹ́ dé, ọyẹ́ lọ. Ẹ̀ẹ̀rùn tún ń parí. Ẹnikẹ́ni kò kéde nǹkan kan, nítorí ohun tí kò ṣẹlẹ̀, ta ni yóò kéde rẹ̀? Lọ́dún yẹn, ilé ìwé ọ̀fẹ́ ti bẹ̀rẹ̀, àwọn ọmọ kéwú rẹ̀ ti dín kù, nítorí náà èmi àti òun nìkan ni a jókòó lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan tí ìkùukùu àkọ́kọ́ ṣú. Ó ń wo ìsàlẹ̀ abúlé lọ títí.

"Ta ló jókòó sẹ́nu ọ̀nà?" ni ó bi mí.

Mo wò. Mo wo ilé Fàtáì, mo wo ilé tó tẹ̀lé e, mo wò ó dé ìpẹ̀kun. Kò sí ẹnìkan. Gbogbo wọn ti lọ kọ ebè kí òjò tó dé. Mo sọ fún un, inú mi dùn, mo sì rò pé inú rẹ̀ yóò dùn. Ìgbà yẹn ni ó sunkún, ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rí i.

"A jẹ́ pé báyìí ni ì bá ti rí láti ọjọ́ yìí wá," ni ó wí.

Ràhámọ̀tù gbọ́, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná lórí igi rẹ̀, ó ń wò wá. Nígbà tó yá, Àáfà nu ojú rẹ̀, ó wọlé lọ mú ọkọ́, ó sì gba ọ̀nà oko tẹ̀lé àwọn yòókù.